Bátìrì Mi Nínú Ọkọ̀ Káyọ̀dé

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nìyí tí wọ́n ṣe abẹ fún mi, tí wọ́n yọ ìju inú ilé ọmọ mi. Àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ lọ sí ọsibítù ní Oǹdó kí wọ́n yẹ ojú abẹ wò, ọkọ̀ mi kọ̀, kò sítáàtì. Mo rọra rìn lọ bá Káyọ̀dé, mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsìkàn, àdúgbò wa. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì mi ni mo rí níbẹ̀, pẹ̀lú "Ìyá Tóbi" tí mo fi ọ̀dà funfun kọ sí i lára.

"Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù, mo kàn yá a ni."

Sùúrù kẹ̀! Mo gbé sípánà tó wà nílẹ̀, mo fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Mo fọ́ iná méjèèjì. Mo gbá a léjìká, ó kígbe. Bí mo ṣe tún na ọwọ́ sókè báyìí ni nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ṣàn lábẹ́ ìró mi. Ojú abẹ ti ya.

Káyọ̀dé náà ló gbé mi dé Oǹdó nínú ọkọ̀ tí mo fọ́. Atẹ́gùn ń gbá wa lójú, ó ń sunkún: "Mọ́mì, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n ti tún mi rán. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ náà fi sítáàtì.