Ìtumọ̀ Orúkọ Tí Ẹ Sọ Ọmọ Yín

Oríyọmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Morádéyọ̀ ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn, àbí ọmọ náà kò tíì gbà fún yín? Ọlọ́run tó fún wa lọ́mọ yóò fún wa ní oorun pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ò ń tọ̀ láti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ní ìdájí, tí ò ń gbà padà ní ìrọ̀lẹ́, kò ní gbé ọ mì. Èmi wà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́, mo dúpẹ́, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí tẹ́lẹ̀, tòsì ti wá bá a kẹ́dùn. Bí mo bá dìde lórí àga nísinsìnyí, màá kọ́kọ́ dúró ná, kí àwọn egungun yòókù lè gbọ́ pé a ti dìde.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi, bó ṣe ń rẹ̀ mí náà ló ń rẹ̀ ẹ́. Bí mo bá mú un dání, tí mo ní kí n ro ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì sùn lọ. N kì í jí i. Ẹni tó bá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn. Mujeeb tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Agric ní Ìkòròdú ló ní òun yóò bá mi mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín.

Ilé kò burú. Ìjì gbé páànù kan lórí ilé ìdáná wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìdrís, aládùúgbò wa. Ọjọ́ kejì ni Ìdrís gbé e padà wá, ó ní òun rò pé mo fi ta òun lọ́rẹ ni. Ẹja wà ní Ọjà Olúwo, àwọn tó ń wò ó pọ̀, àwọn tó ń rà á kò pọ̀.

Ohun tó mú mi kọ ìwé gan-an nìyí. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi Làtífátù, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà, kò jáde mọ́ láti ìgbà òjò. Orí ìjókòó ló ti ń kírun nínú yàrá rẹ̀. Tó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, á pe gbogbo ọmọ ilé wa lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi orúkọ náà ṣe àdúà fún oníkálukú. Bí ó bá pè ọ́, á ní orí tó yọ ọ́ kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Bí ó bá pe Rodiat àbúrò rẹ, á ní kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, nítorí ó ní inú orúkọ yẹn ni ìyọ́nú wà. Mo ń gbọ́ ọ láràárọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, òun ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ti ibi ìsọmọlórúkọ dé láti ọ̀dọ̀ yín, ó béèrè orúkọ ọmọ. Mo ní Kámẹ́rọ́ọ̀nù. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi sọ ọmọ ní Kámẹ́rà, ṣé nítorí fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù ni. Ìdrís tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kì í ṣe Kámẹ́rà, ó ní Kàmẹrúùnù ni, ìlú tó wà lẹ́yìn Calabar, ó ní bóyá ibẹ̀ ni ìyàwó ti lóyún. Mo ní ìyàwó ọmọ mi kò lọ síbì kankan, Ìkòròdú ló wà. Mo ní èmi náà sọ ọmọ ní Ayọ̀midọ̀tun lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn sì ṣe àmín. Ìyá Àgbà ní ṣé òun ni ẹ fi ń pè é. Mo ní rárá, ìlà kẹfà ló wà nínú ìwé tí pásítọ̀ àwọn ará ìyàwó kà. Ó ní orúkọ tí wọ́n bá fi ń pe ọmọ ni àdúà ń tọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí wọ́n tò sínú ìwé.

Ó ní kí n lọ wádìí inú orúkọ náà, kí òun má lọ máa ṣe àmín sí ohun tí kò dára. O rántí pé mo pè ọ́ lórí fóònù, Morádéyọ̀ ló gbé e, ó ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ torí ó dùn lẹ́nu. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Ìyá Àgbà ní ṣúgà náà dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì ni kò fi pe ọmọ rẹ. Á pe gbogbo yín tán, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn, á wá ṣe àmín. Mo ń dùbúlẹ̀ níbi tí mo wà, mo ń dúró dè é, kò sì ní pè é. Ara mi kò gbà á. Kò sí ọmọ ilé wa kankan tó ń rìn láyé láìjẹ́ pé ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ ní ìdájí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú ọ̀pá, mo lọ bá Tísà Agnes, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé nítòsí etí ọ̀sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó sinmi kí n tó dé. Ó ní ìwé kan tó nípọn, orúkọ ọkùnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ìtumọ̀ wọn ló kún inú rẹ̀. Oríyọmí, n kò mọ̀ pé orúkọ òyìnbó ní ìtumọ̀. Bí agogo ni mo rò pé ó rí, pé ó kàn ń dún ni.

Tísà ní kí òun kọ́kọ́ fi ọ̀nà ìwé náà hàn mí. Ó ní Jọ́ọ̀jì, àgbẹ̀ ni. Mo rántí Jọ́ọ̀jì aránṣọ àdúgbò wa, tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí. Ó ní Fílípì, ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin ni. Fílípì tiwa, ọ̀kadà ló fẹ́ràn. Ó ní Tọ́másì, ìbejì ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, Tọ́másì káfíńtà, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ta ló wá gbé èkejì lọ? Tísà ní kí n fi Tọ́másì sílẹ̀. Ó ní Kálífíìnì, apárí ni. Mo fọwọ́ kan orí ara mi.

Ó wá ṣí ibi tí orúkọ ọmọ wa wà. Ó fi ìka tọ ojú ìwé náà lọ, ó dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mo ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò dára, torí awò náà kò dọ̀tí. Ó ní, "Bàbá Oríyọmí, imú wíwọ́ ni."

Mo ní imú ta ni? Ó ní ohun tí orúkọ náà ń sọ nìyẹn, imú tó wọ́.

Mo jí fóònù, mo wá fọ́tò ọmọ tí o fi ránṣẹ́. Mo wo imú rẹ̀ láti iwájú, kò wọ́. Mo ní ó yẹ kí n wò ó láti ẹ̀gbẹ́, mo bá dorí fóònù kọ ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà yí padà, ó tún kọjú sí mi. Mo yí i sí ọwọ́ kejì, ó tún bá mi yí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló dìde gangan tó ń wò mí. Mo sọ fún Tísà pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì kì í gbọ́n tó báyìí, ohun tó ń fi pamọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú náà. Tísà fi aṣọ bo ẹnu, ó ní ikọ́ ni.

Nígbà tí ikọ́ náà tán, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní àwọn ará òkè Sìkọ́tíláǹdì, tó múlé gbe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni orúkọ náà, pé orúkọ ìdílé ni kó tó di orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ. Wọ́n ní baba ńlá wọn kan ni imú rẹ̀ wọ́, àwọn kan sì ní ojú ìjà ló ti rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò bò ó mọ́lẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìwọ àti Morádéyọ̀ ní Ìkòròdú.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo ń ro irọ́ tí màá pa. Mo fẹ́ sọ pé ọlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, irọ́ ti wúwo jù fún un láti gbé, mo sì ti gbé ọ̀pá dání. Mo wọlé, mo jókòó lẹ́bàá ibùsùn Ìyá Àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, imú àti ìjà àti gbogbo ẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè bóyá mo mọ ìtumọ̀ orúkọ tèmi. Mo ní Sànní ni Sànní, orúkọ mùsùlùmí ni. Ó ní, "Ẹnì kejì ni."

Ọmọ mi, ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ìyá wa bí ọkùnrin kan ṣáájú mi. Mùhámọ́dù ni wọ́n sọ ọ́. Làtífátù ló ń pọ̀n ọ́n, ọmọ ọdún méje ni òun náà nígbà yẹn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ibà mú un nínú ọyẹ́, ẹ̀yìn Làtífátù ló sì wà nígbà tó dákẹ́. Ó ní òun rò pé ó sùn ni, òun sì ń rìn jẹ́jẹ́ yí àgbàlá ká kó má baà jí. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá wa ní orúkọ kan náà ni wọn yóò sọ mí. Àáfà ní kí wọ́n máa pè mí ní ẹnì kejì, kí ìyá wa má baà máa sunkún nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wá mi. Ìyá wa sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, kò sì sọ ọ́ rí títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ó ní nígbàkígbà tí òun bá pè mí, ẹni méjì ni òun ń pè, ẹnì kan ló ń dáhùn.

Mo lọ mú káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba ṣe fún mi, mo wò ó. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ àkọ́kọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni Sànní wà. Mo ti ń fi ẹnì kejì sí ipò àkọ́kọ́ níwájú ìjọba láti ọdún yìí wá. Mo gbé e lọ bá Toyyibah, ọmọ Ìdrís, tó mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù, mo ní kó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rí i fúnra wọn. Ó ní kò sí ẹni tó máa mú mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo dùbúlẹ̀ mo ń gbọ́. Ìyá Àgbà pè yín tán, ó dúró bó ṣe máa ń dúró. Ó wá ní, "Kámẹ́rọ́ọ̀nì, ọmọ ẹni tí imú rẹ̀ wọ́ tí wọn kò fi pamọ́, èémí kò ní há ọ nímú." Kò pè é dáadáa. Mo ní àmín láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì gbọ́ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ sí ìtẹ́kùú àtijọ́ tó júwe fún mi, nídìí igi àgbọn méjì tó kọjú sí ọ̀sà. Igi kan ló kù. Koríko ti bo gbogbo ibẹ̀, kò sí àmì kankan, n kò mọ ibi tí ó yẹ kí n dojú kọ. N kò ní ọkùnrin kankan tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n rí láyé mi, ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Èmi àbúrò yín ni." Mo fi ẹ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni. Lẹ́yìn náà, mo ròyìn ọmọ rẹ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi kan páànù ilé ìdáná, kí n sì ra òróró ìpara fún orúnkún, ti méjèèjì o. Bí kò bá sí, má yá owó nítorí mi. Àmọ́ gbé ọmọ wá, bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré. Ìyá Àgbà kò sọ pé ó rẹ òun, ṣùgbọ́n lánàá ó pè yín tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ó tún pè yín tán lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí kò fẹ́ fi ti ọ̀la sílẹ̀ de ọ̀la. Má jẹ́ kó pẹ́.

Sọ fún Morádéyọ̀ pé n kò bínú, pé orúkọ náà dára. Ọlọ́run yóò bá yín wo ọmọ náà. Ẹ ò ní pọn ọmọ tí yóò dákẹ́ mọ́ yín lẹ́yìn. Orúkọ tí a bá pè nínú ilé wa, yóò máa rí ẹni dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sànní.