Ọjọ́ tí Perlita bi mí léèrè

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Ọ̀wàrà 2007

Ìwé tuntun. Ti àtijọ́ ti kún fún èébú. Ó yẹ kí ìwọ náà mọ àwọn èèyàn mi.

Mo tún lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì Dioning lónìí — Onífáànù ni màá máa pè é níbí, torí kì í tan fáànù àfi tí oníbàárà bá pé mẹ́ta. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní. Ẹ̀rọ kẹrin ni tèmi. Ìwé mi ò ju kíláàsì kẹrin lọ, jíípù akérò ni mo sì fi ogójì ọdún wà. Síbẹ̀ èmi nìkan ni arúgbó ní Nagsabaran, abúlé wa, tó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi kó tó kó lọ sí Manila. Nítorí náà, gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú àkántì mi — atukọ̀, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé. Ìyá á jókòó tì mí, á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Màá sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Lónìí, Sulang ni. Opó. Ọmọ rẹ̀ Perlita ń ṣiṣẹ́ ilé ní Hong Kong. Sulang ní kí n sọ fún un pé wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé kàn. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi kún un pé káfíńtà náà ń wo ìyá rẹ̀ ju bó ṣe ń wo pákó lọ. Perlita rẹ́rìn-ín títí. "Tatang Karpo, ṣé Mama ló sọ èyí àbí ẹ̀yin?" Tatang, ìyẹn bàbá, ni gbogbo wọn ń pè mí. Sulang ní kí ló ń pa ọmọ òun lẹ́rìn-ín. Mo ní òrùlé ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ Melchor. Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti ẹ̀ fi já èrò gbà lọ́wọ́ ara wa, kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Hawaii. Gẹ̀ẹ́sì kúkurú: ṣé ìwọ ló wà nínú fótò yìí? Ó fi ẹ̀rín sí i, ó fi ìlà búlúù kan sábẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì! Àtìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé Ilocano, èdè wa.

Mo tẹ ìlà náà. Ẹ̀rọ bi mí ní nǹkan kan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí, mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ṣẹ́ fìrí. Kò sí fótò kankan. Melchor, ọ̀dẹ̀ lásán.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Ọ̀wàrà

Mi ò tíì rẹ́rìn-ín báyìí látọjọ́ tí Melchor wa jíípù wọnú oko ìrẹsì.

Bí mo ṣe jókòó ni fèrèsé kéékèèké ń ṣí lé ara wọn lórí — mẹ́wàá, ogún. "Tatang, fótò wo?" "Tatang, ta ló yà mí?" "Tatang, kò ṣí o!" Ṣé wọ́n ti mutí yó láàárọ̀ ni? Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọ̀rọ̀ Melchor gan-an, tòun ti ìlà búlúù rẹ̀, ti lọ bá gbogbo wọn, orúkọ tèmi ló sì wà lórí ẹ̀. Èmi ò rán nǹkan kan. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwàdà ló wá bá mi nílé yìí, wọ́n ti fi sọrí mi — kí ni màá sẹ́ ẹ fún?

Mo gbà á. Mo sọ fún ọmọ Tiago, atukọ̀ tó wà ní Rotterdam, pé òun àti ẹlẹ́dẹ̀ kan ló wà nínú fótò náà, kó fara balẹ̀ kó lè mọ èwo ni òun. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kan ní Riyadh pé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti pé kì í ṣe òun nìkan. Òun náà sáré tẹ̀ ẹ́!

Perlita nìkan ni kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ bi mí. "Tatang, ṣé ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́ lóòótọ́? Ẹ kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì." Mo ní èmi ni, mo ti di ọ̀mọ̀wé. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Orí kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi ni mo wà, wọn ò mọ̀ pé mò ń lò ó. Mi ò fẹ́ kí nǹkan bàjẹ́." Mo ní kí ni fótò fẹ́ bàjẹ́? Mo ní òun ló wà nínú ẹ̀, tó sùn lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó la ẹnu sílẹ̀, tí eṣinṣin ń wọlé tó ń jáde. Ó tún béèrè: "Òótọ́, Tatang?"

Mo tẹ̀ ẹ́ pé òótọ́ ni, ṣí i.

Ó ṣí i. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní kó nu ojú rẹ̀.

Onífáànù ní kí n lọ wúkọ́ níta, pé ẹ̀rín mi ń lé oníbàárà.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Ọ̀wàrà

Dioning ti tú inú ẹ̀rọ sórí tábìlì bí ẹni tó pa ewúrẹ́. Ó ní aràn ni. Aràn inú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ ló ṣe é, ó tú u sílẹ̀, ó sì ń dá rìn. Tí èèyàn bá ti tẹ ìlà yẹn, tó gbà á láyè, á wọlé, á fara pamọ́, á lọ ṣí ibi tí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ èèyàn wà, á wá bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé onítọ̀hún ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣí i nínú wọn, ti òun náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Kò lẹ́sẹ̀ kankan, Tatang. Torí pé àwọn èèyàn gbà yín gbọ́ ló ṣe ráàyè rìn."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ba orúkọ yín jẹ́ lásán."

Gbogbo àdúgbò ló ń kí mi kú ọ̀fọ̀ orúkọ. Sulang gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pinakbet wá, ẹja yíyan lórí ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé aràn kọ́ ló dá àwọn ọmọ yẹn lóhùn lọ́jọ́rú. Ìka mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Perlita pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Aràn náà ti bá gbogbo oníbàárà ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lau tó ń ṣòwò aṣọ, sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ńlá ń gba ọ̀rọ̀ pé ṣé àwọn ló wà nínú fótò. Wọ́n pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó rí ọjọ́ àti wákàtí tó wọlé: lọ́jọ́rú, láàárọ̀. Perlita nìkan ló wà nílé.

Wọ́n ti lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin ibẹ̀ fún un láti kúrò nílùú. Èyí tó burú jù: Lau fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi lé e pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá òun jẹ́. Tó bá fi lè kọ ọ́ báyẹn, kò sílé tó máa gbà á mọ́ ní gbogbo Hong Kong. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti wọmi.

Sulang ní, "Ó ní òun bi èèyàn kóun tó ṣí i, ọ̀gá ní irọ́ ni. Mo ní ta lo bi? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi." Ó wá wò mí. "Tatang, ta lẹ rò pé ó lè jẹ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo jí, mo rántí, mo tún dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo dúró de Sulang lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, Sulang, èmi ni Perlita bi. Ó fi ìwé àdúrà gbá mi lápá. "Tatang, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ lónìí. Kò sí ẹ̀rín lára mi." Omi wà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wá ẹ̀rín díẹ̀ fún mi, kí ojú má bàa tì mí.

Ọjọ́ tí mo purọ́, ọmọ gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tí mo sọ òótọ́, ìyá ò gbà. Mi ò sì tún un sọ. Inú mi tiẹ̀ dùn pé kò gbà á. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa rí i sẹ́ lọ́la.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù fún ọmọ yẹn. Mo kọ lẹ́tà sí Lau. Mo fa márùn-ún ya. Àwàdà wà nínú gbogbo wọn — mi ò mọ bó ṣe ń wọbẹ̀. Ẹ̀kẹfà ló mọ́.

Mo gbé e lọ fún Dioning pé kó bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ká lè fi ẹ̀rọ fáàsì ránṣẹ́. Mo rò pé òun nìkan ni mo máa bá. Sulang jókòó síbẹ̀, ó wá béèrè bóyá ẹ̀rọ ti yá. Ó kù díẹ̀ kí n yí padà. Dioning ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ti ń kà á sókè: "Ọ̀gbẹ́ni Lau, èmi ni Policarpo Agbayani, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ọmọ ọ̀dọ̀ yín bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní kó ṣí i. Mo mọ̀ pé kò sí fótò kankan..." Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Tatang, àwàdà ni, àbí?"

Mo ní rárá.

Mo rò pé Sulang á bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Ohun tó sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Mo gbé oúnjẹ wá fún yín."

Ó bá jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Ọ̀wàrà

Èsì dé lórí fáàsì. Lau ò gbà á padà sílé. Ṣùgbọ́n ó ti yọ ọ̀rọ̀ dúkìá yẹn kúrò. Ó kọ ọ́ pé àwọn jọ fòpin sí iṣẹ́ náà ni. Dioning ní pẹ̀lú èyí, ilé mìíràn lè gbà á. Ó ní kí n lọ sọ fún Sulang. Mo ní kó bá mi lọ sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Bélú

Ọjọ́ àwọn òkú. Gbogbo abúlé ló wà ní itẹ́ òkú, àbẹ́là, òdòdó, àkàrà ìrẹsì lórí sàréè. Mo jókòó ti ìyàwó mi. Mo ti rojọ́ fún un tán.

Perlita ti dé láti Hong Kong. Ó wá bá mi. Ó ti rù. Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí àgbà. Mo fẹ́ fà á kúrò, ó dì í mú. Mo bẹ̀bẹ̀ — mi ò mọ gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní, "Tatang, bí mo ṣe rí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Aràn yẹn ò tàn mí. Ẹ̀yin lẹ tàn mí." Kò pariwo. Ó tún ní, "Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yẹn." Ó padà sídìí sàréè bàbá rẹ̀, níbi tí Sulang ti kẹ̀yìn sí mi.

Mi ò lè jẹun lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Ọ̀pẹ

Perlita ti padà sí Hong Kong lọ́jọ́ Ajé. Ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé ló gbà á, ó sì fún un láyè kó máa lo kọ̀ǹpútà ilé. Dioning ló sọ fún mi.

Sulang wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Oṣù kan ààbọ̀. Mo sún, mo fọwọ́ nu àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ó kọjá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kẹta. Dioning bá a ṣí àkántì tuntun, ti ara rẹ̀, ó fi orúkọ Perlita sí i, ó lọ dá oníbàárà lóhùn. Sulang ń wo àwọn lẹ́tà yẹn bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tó pẹ́, láìwo ojú mi: "P dà?"

Mo nawọ́ sí i. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìdajì wákàtí: Perlita, èmi ni Mama. Ó fo lẹ́tà kan nínú orúkọ ọmọ tó bí. Àwàdà kan dé ẹnu mi, èyí tó dùn gan-an. Mo gbé e mì.

Èsì dé kíá. Mo rí i láti ibi tí mo wà: "Ta nìyí? Ṣé Mama ni lóòótọ́? Ẹ sọ nǹkan kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀."

Sulang gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ronú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan. Mo yí ojú mi sí ògiri. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yìí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mi ò ka ohun tí ìyá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀.