Òjò Kẹta Lórí Dẹ́kìn Wa

Bàámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò Iléṣà, ẹ sì kú iṣẹ́ bíríkìlà. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Glasgow yìí, mo kí ẹ̀yin àti Màámi. Ṣeun àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí láti orí fóònù rẹ̀. Níbi tí Yorùbá mi bá ti wọ́, kí ó bá mi tún un ṣe, kí ó má fi mí rẹ́rìn-ín.

Òtútù ibí pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Iléṣà ni mò ń wò ṣáá. Ọjọ́ Ajé lẹ da kọnkéré dẹ́kìn ilé wa. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún rọ̀ lánàá. Ó ku ẹyọ kan. Mo mọ òfin yín láti kékeré: bí òjò bá ti pa dẹ́kìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tú pákó, ẹ yọ ọparun tó gbé e dúró.

Nígbà tí mo pè yín pé kò tíì gbó, ẹ ní kí n dárúkọ ilé kan tí ẹ kọ́ tó wó. Ẹ tún bi mí bóyá kọnkéré àwọn òyìnbó ń ka kàlẹ́ńdà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà n kò lè jókòó sójú kan. Níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, a máa ń fi ẹ̀rọ fọ́ kọnkéré wò. Èyí tó lo ọjọ́ mẹ́rin kì í pẹ́ fọ́. Èyí tó pé oṣù kan, ẹ̀rọ á kérora kí ó tó gbà.

Mi ò sọ pé òfin yín burú. Bàbá àgbà ló fi kọ́ yín, ẹ̀yin náà lẹ sì sọ fún mi pé láyé wọn, òjò kan lọ́sẹ̀ ni. Òjò mẹ́ta nígbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Òjò ìsinsìnyí ò mọ ìyẹn mọ́.

Ẹ rántí kọnkéré òkè fèrèsé ilé ìdáná, tí ẹ tú pákó rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. Nígbà tó là, ẹ ní ilé ń mí ni. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i, ó tún là. Bàámi, abẹ́ dẹ́kìn yìí ni ibùsùn Màámi máa wà.

Ẹ jẹ́ kí ọparun dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ẹ máa fi omi rin dẹ́kìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi; ìyẹn ò lábùkù. Bí ẹ ò bá sì gba tèmi, ẹ ka òjò kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti Bọ̀ọ́dá tó ń roko kòkó ní Ifẹ̀wàrà. Ẹ má sọ fún wọn pé mò ń gbàdúrà kí òjò dáwọ́ dúró. Ẹ ó jẹun ọmọ. Màámi yóò sùn, wọn ó sì jí ire lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀