Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Fóònù Bàbá

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Abẹnugan, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti yọ eyín, àbí ẹ̀rín aláìléyín ló ṣì fi ń tan yín jẹ? Ara tèmi le, iṣẹ́ sì ń lọ, àfi ọrùn tó ń ro mí nítorí pé mò ń tẹ orí ba sórí máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá náà wà. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò, ó sì rú mi lójú débi pé mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Gbogbo ìgbà tí o bá bi mí bóyá mò ń gbọ́ pọ́díkáàsì, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ò ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí mo ń sọ pé ó dùn gan-an, irọ́ ni mò ń pa. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ àbúrò rẹ̀ fún odidi wákàtí kan lẹ́yìn tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ọ nínú ilé? Fi orí jì mí. Ká ní mo ti ń gbọ́ ọ ni, ọ̀ràn yìí ì bá ti tètè yé mi.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, tí Bàbá sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu ṣiṣẹ́ kó má fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ́, wọn kì í dárúkọ rẹ. Ọdún kẹta rèé. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé wọ́n ti ra fóònù ńlá. Wọn a ki íápíìsì bọ etí, wọn a fi fìlà bò ó, wọn a wá máa fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi títí dìrọ̀lẹ́. Èmi rò pé ìwàásù ni. Mo tilẹ̀ ń yọ̀ pé Bàbá ti ń sún mọ́ Ọlọ́run.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù náà ṣe ápídéètì fúnra rẹ̀, wàhálà bá dé. Bàbá wá bá mi nídìí máṣíìnì, wọ́n ní áàpù tí àwọn fi ń gbọ́ nǹkan ti ya wèrè. Mo ní kí ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní ìyẹn kò kàn mí, kí n ṣáà tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ tẹ́tí sí i. Báwo ni èèyàn ṣe ń tún ohun tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ṣe? Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá ní kí n rán aṣọ fún ẹni tí n kò gbọdọ̀ wọ̀n.

Mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí ajá ń lé, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò mí, kò dánu dúró. Nígbà tó di bí ìṣẹ́jú méjì, ojú fóònù ṣú, òun náà pa lọ́lọ́. Mo tún un tẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ àti àwòrán ètò náà ti pa rẹ́, òǹkà nìkan ló kù. Mo pa fóònù, mo tan án. Mo yọ íápíìsì, mo nù ún, mo fi í padà síbi tó wà. Mo ní kí n yọ áàpù náà kúrò kí n tún un gbé wọlé, Bàbá fò dìde bí ẹni pé ilé ni mo fẹ́ dáná sun. Wọ́n ní mọ́kànlélọ́gọ́ta ni àwọn tọ́jú síbẹ̀, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sọnù. Mọ́kànlélọ́gọ́ta kí ni? Wọ́n ní ìyẹn náà kò kàn mí.

Mo bá gbé e lọ fún atúnfóònùṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ tí mo sì fi sí nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù mi náà nìyẹn. Mi ò sọ fún Bàbá ju pé mo ti gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo sáré lọ ra síìpù, mo gbàgbé fóònù tèmi sórí máṣíìnì. Dókítà pè. Bàbá rí orúkọ lójú fóònù, wọ́n gbé e. Ọkùnrin náà ti rí orúkọ ètò náà, Abẹnugan, gbà padà, ó sì fẹ́ jábọ̀ iṣẹ́. Ohun tó sọ, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tún un sọ fún mi, nìyí: “Dókítà ni o, sà. Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí pé gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe sí Abẹnugan yẹn la ti ṣe. Ó sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, ó bá dákẹ́.”

Àbúrò mi, ìwọ náà mọ ohun tí dókítà ní lọ́kàn bó bá ní ẹnì kan dákẹ́. Bàbá rò pé ńṣe la ti ń fi àìsàn rẹ pamọ́ fún àwọn. Wọn ò bèèrè ju ibi tí dókítà náà wà lọ.

Nígbà tí mo dé, ìfági wà nílẹ̀, bàtà Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo pe nọ́ńbà tó pè kẹ́yìn. Dókítà ní kí n máa bọ̀ kíákíá, pé bàbá kan wọlé láìwọ bàtà, wọ́n sì ń bèèrè ibi tí òun tẹ́ ọmọ àwọn sí.

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, fóònù lọ́wọ́, ojú wọn pọ́n. Ohùn tó ń jáde, ohùn rẹ ni. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Ò ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń kan pákó gbọ́ kó lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, Bàbá sì ń mi orí pé irọ́ ni, kì í ṣe bí àwọn ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni gbogbo èyí tí o ti ṣe, àbí? Kò sí èyí tí wọn ò gbọ́.

Dókítà ní ápídéètì náà ló ń pa áàpù bí ojú fóònù bá ti ṣú, torí kó lè ṣọ́ bátìrì lò. Kí n tó dé, ó ti wọ inú sẹ́tíǹsì, ó fún un láyè kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ó sì dín eré ohùn náà kù sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbá ní ó ku ọ̀kan: ọmọ àwọn máa ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá ṣòroó sọ, àwọn ò gbọ́ ìdúró yẹn mọ́. Àṣé ápídéètì yẹn náà ló ń gé gbogbo ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ dànù. Ó dá ìyẹn náà padà.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo ní ká pè ọ́. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ pè ọ́. A rìn díẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún ọ pé ohun tí o sọ nípa pákó kò tọ̀nà. Bí mo ṣe jókòó, wọ́n bi mí bóyá nọ́ńbà rẹ àtijọ́ ṣì ń lọ. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ó ṣì rú mi lójú títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní kí n má pè ọ́, wọn ò ṣáà ní kí n má kọ̀wé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Gbogbo ará òpópónà wa ń kí ọ. Jọ̀wọ́, pe Bàbá. Mo kọ nọ́ńbà wọn sẹ́yìn ìwé yìí. Wọ́n á gbé e. Ó ṣeé ṣe kí o má gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Má rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, má sì pa á. Ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Tìrẹ ni mí,
Ẹ̀gbọ́n rẹ Aránṣọ.