Omi Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Hussainat Mu

                                        Ilé Bàrúwà,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìlaròó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Lábísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Birmingham? Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ṣé òtútù ṣì ń lé gbogbo yín wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì? Ooru ló ń bá àwa fínra níbí. Ara mi le, a dúpẹ́. Inú mi ni kò dùn, ìdí nìyẹn tí n ò fi tètè dá lẹ́tà rẹ padà. Nígbà tí mo ń kúrò ní Birmingham, a jọ ṣe àdéhùn pé Yorùbá la ó máa kọ síra wa, àmọ́ n ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa fi kọ́ bí èèyàn ṣe ń bínú ní Yorùbá.

O rántí Hussainat, ọmọ àbúrò bàbá mi tí èmi àti ẹ̀ jọ máa ń sáré láàárọ̀. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ agbára bàbá rẹ̀ ò ká a láti rán an lọ síwájú. Ìgbà tí wọ́n kéde eré sísá láti Òkè-Ọ̀dàn dé Ìlaròó, tí wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá gba ipò kìíní máa lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Abẹ́òkúta, kò gbé ọkàn sí nǹkan mìíràn mọ́. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń kan ilẹ̀kùn mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ṣé oorun ni ẹ lọ kọ́ nílùú òyìnbó ni?"

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun mímu aláwọ̀ fún àwọn eléré ìdárayá ló gbé ìdíje náà kalẹ̀. Torí fọ́tò tí wọ́n fẹ́ yà, wọ́n ṣòfin pé sárésáré kankan ò gbọdọ̀ mu ohun tí kì í ṣe tiwọn lójú ọ̀nà. Ó dáa. Ọjọ́ eré wá pé, ọkọ̀ tó kó ohun mímu ọ̀hún ò dé. Awakọ̀ gbàgbé ìwé ẹrù sílé, àwọn aṣọ́bodè sì dá a dúró. Lójú ọ̀nà bodè wa yìí, bó o bá kó páálí tí o ò níwèé, onífàyàwọ́ ni wọ́n máa pè ọ́. Wọ́n retí ọkọ̀ títí oòrùn fi mú ganrínganrín, wọ́n wá fọn fèrè láìsí i. Òfin wọn ò sì yí padà.

Mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, mò ń tẹ̀ lé wọn. Hussainat ló wà níwájú, Fẹ́yìsetán, ọmọ Joga-Orílé kan, ló tẹ̀ lé e. Ní abúlé kan, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Hùmúàní ti gbé bàsíà omi síta, pẹ̀lú ife. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà tó ń ṣọ́ eré lórí ọ̀kadà tirẹ̀, ní kí wọ́n gbé e wọlé.

"Omi kànga lásán? Ta ni mo fi pa rí?"

"Màmá, òfin ni."

"Òfin ta ni? Ṣé òfin yẹn máa ń làágùn ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ bàsíà wọlé. Mo na ike omi mi sí Hussainat. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè ní bó bá gbà á, òun á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Lábísí, ọmọ náà wo omi yẹn. Ètè ẹ̀ ti funfun. Ó mirí, ó ń sáré lọ.

Nígbà tá a fi máa sún mọ́ Ìlaròó, kò làágùn mọ́, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Ìwọ náà rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: bí ẹni tó ń sáré nínú ooru bá ṣíwọ́ òógùn, ewu ti dé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn, ó yà sínú koríko, ó ṣubú. Fẹ́yìsetán tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní tiẹ̀ yà síwájú mọ́ṣáláṣí kan, ó gbé ike àlùwàlá, ó mu nínú ẹ̀, ó da ìyókù sórí, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Èmi rí i, àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè ò rí i. Ọ̀dọ̀ wa ló dojú kọ, ó ń bi mí bóyá mo mọ dókítà kankan.

Fẹ́yìsetán ló gba ipò kìíní. N ò bínú sí i. Òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa. Àwa wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń fa omi sí Hussainat lára, nígbà tí ọkọ̀ ohun mímu dé pápá tí eré parí sí, tí wọ́n sì pín ìgò fún àwọn tó kù kí wọ́n lè ya fọ́tò wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè gbé páálí ohun mímu kan wá kí wa. Ó ní ìwà Hussainat wú àwọn lórí, pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Bàbá ẹ̀ dúpẹ́, wọ́n tún dúpẹ́. Èmi ń wolẹ̀. Àlejò ṣì ni mí nínú ilé yìí, n ò sì tíì mọ gbólóhùn tí ọmọdé lè fi bínú sí àlejò níwájú bàbá. Nígbà tó lọ tán, Hussainat yí ìgò kan padà, ó ka ẹ̀yìn ẹ̀: omi, ṣúgà, iyọ̀, àwọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ la ní nílé, àfi àwọ̀."

Wọ́n ti fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàlíkísù aránṣọ. Lánàá, mo bi í bóyá ó máa tún sáré bí wọ́n bá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Kò gbójú kúrò lára aṣọ. Ó ní, "Bí mo bá tún máa sá a, n ò ní gbọ́ràn mọ́."

 

Bá mi kí Màmá gan-an. Kí Àbáyọ̀mí àbúrò rẹ, kó o sì sọ fún un pé bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni tó wù kó ní kó má mu ún.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Modinat.