Ẹja Tí Wọn Kò Tà Fún Tíṣà

Dèbórà ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì kí Àkúrẹ́ tó gbà ọ́ sílé. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìgbì dojú ọkọ̀ mi dé láti ọdún yìí wá kò ní jẹ́ kí ohunkóhun dojú tìrẹ dé. Bí o bá bèèrè wa, a wà, a ń jẹun, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi bọ́ sómi, mo sì tò ó mọ́ ẹja sáwá lórí iná màmá rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbẹ dáadáa, kódà ó pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì fọhùn.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà Kọ́lájọ ló mú kí n kọ̀wé, ọmọ òkè, ibi tí kò sí òkun, tí wọ́n gbé wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún mẹ́rin tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń wá tíṣà sáyẹ́ǹsì, òun nìkan ló dé tí kò bá ọkọ̀ tó gbé e wá padà. Oṣù tó ń bọ̀ ni Àrìnpé àbúrò rẹ máa ṣe ìdánwò àṣejáde, o sì mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Bí tíṣà yìí bá lọ, nọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tíṣà sọ fún àwọn ọmọ pé inú omi ni gbogbo ẹ̀dá alààyè ti bẹ̀rẹ̀, pé bí èèyàn bá wá a lọ sẹ́yìn títí, ẹja ni baba ńlá wa. Dèbórà, ní ìlú ẹlòmíràn, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kó sì sùn. Níbí ńkọ́? Màmá rẹ jókòó ti iná rẹ̀, ó kó ẹja kúrò lórí rẹ̀, ó wá bi mí pé ta ni òun ti ń yan láti ọgbọ̀n ọdún. Alàgbà Jákọ́bù dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọjọ́ karùn-ún ni Ọlọ́run dá ẹja, ọjọ́ kẹfà ló dá èèyàn, ẹja kò sì lè ráyè bí èèyàn láàárín ọjọ́ kan. Bàbá Olówòkéré, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, ní àwọn méjèèjì ń tan ọmọ jẹ, pé iyanrìn ni wọ́n dà sórí omi tí adìẹ fi ẹsẹ̀ tàn án ká. Nígbà tó tún gbọ́ pé tíṣà ní òkú ẹ̀dá inú omi àtijọ́ ló di epo rọ̀bì, ó bèèrè pé àwọn elépo tó ń fa baba ńlá wa jáde yìí, ìdílé wo ni wọ́n gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá pinnu. Wọn kò bú tíṣà, wọn kò lé e, wọ́n kàn ní àwọn kò ní ta mọ̀lẹ́bí rẹ̀ fún un mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń fi iyọ̀ jẹ òkèlè púpurú létí omi tí ẹja ti ń fò. Ó rù. Lọ́jọ́ Ajé, ó bi èmi alága ẹgbẹ́ òbí pé ìgbà wo ni ọkọ̀ tó ń lọ Ìgbòkòdá máa gbéra. Àrìnpé sunkún títí kò jẹun.

Ilé-ẹ̀kọ́ bá fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan máàkì ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ rẹ̀ nípa bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, àpótí kan fún Bíbélì, ọ̀kan fún sáyẹ́ǹsì. Mo máàkì méjèèjì, nítorí mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run bínú, mi ò sì fẹ́ kí Àrìnpé fèèlì. Mo fi rúlà fa àpótí kẹta fún Bàbá Olówòkéré, torí a kì í yọ àgbà sílẹ̀. Àyè ṣì kù nísàlẹ̀, mo bá kí ìjọba níbẹ̀, mo sì tọrọ páànù fún òrùlé kíláàsì. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù mi padà pé mo ti bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló kún jù níbẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí ṣèpàdé ní ilé-ẹ̀kọ́, kálukú ń sọ tiẹ̀, ohùn ń ga. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gbọ́, omi ló kọ́kọ́ wà nínú gbogbo wọn, kí wá ni à ń jà sí? Ìgbà yẹn ni Àrìnpé nawọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ omi náà ni òun fẹ́ sọ. Ó ní láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni tíṣà ti ní kí àwọn ri ọ̀pá mẹ́wàá mọ́lẹ̀ láti etí òkun dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn máa kọ ọjọ́ tí òkun bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ló kù. Bó bá ń lọ báyìí, òkun á wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí Kérésì tó dé.

Ẹ̀rù bà mí, Dèbórà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Alàgbà Jákọ́bù ṣí fìlà, ó rọra bi tíṣà bóyá ìwé rẹ̀ sọ bí a ṣe lè dá òkun dúró. Tíṣà ní kò sọ, ṣùgbọ́n ìjọba kì í gbọ́ ẹkún, nọ́ńbà ni wọ́n ń gbọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró kà á. A bá fẹnu kò pé kí alàgbà máa kọ́ wọn ní ti Bíbélì ní àkókò Bíbélì, kí Bàbá Olówòkéré máa wá ní àkókò ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀pá tíṣà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó alàgbà ti gbé ẹja ọ̀bọ̀kún yíyan lọ fún tíṣà. Ó ní òun kò gbà pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni o, kó ṣáà jẹun kó lè kà. Màmá rẹ náà ti padà sídìí iná, ṣùgbọ́n ó ń kọ́kọ́ wo ẹja lójú kó tó tò ó.

Fi owó ránṣẹ́ kí a fi ra téèpù gígùn. Téèpù aránṣọ màmá rẹ ni wọ́n fi ń wọn òkun, iyọ̀ sì ti jẹ gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ láti ogójì sókè. Fi ti oògùn orúnkún mi kún un. Má fi sí báǹkì, wọ́n ní ẹ̀rọ ló máa san án, ẹ̀rọ náà kò sì mọ̀ mí rí. Fún awakọ̀ ni. Ìwé tí Àrìnpé kọ ọjọ́ ọ̀pá sí wà nínú lẹ́tà yìí, bá wa gbé e dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ nọ́ńbà.

Ọlọ́run tó pààlà fún omi ní ọjọ́ kẹta yóò rántí ibi tó fa ààlà náà sí. Wàá bá ilé tí a bí ọ sí nílẹ̀, wàá bá wa nínú rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jòhánù Ọmọ́yẹlé

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí kí Àrìnpé tó wọlé. Ó ní kí n tún nọ́ńbà náà kọ fún ọ, òkun ti gbé ọ̀kan sí i, ọ̀pá mẹ́ta ló kù.