Màmá Enid Oldroyd, Ẹni Tó Gbé Orin Ọkọ Rẹ̀ Dé Òkè Téńté

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá ọdún 1929, nínú ilé olókùúta kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Haddenshaw, ilẹ̀ Yorkshire, ni igbe Enid kọ́kọ́ dún láyé. Harold Midgley, ahunṣọ, ni bàbá rẹ̀. Agnes, ọmọ ìdílé Hirst, ni ìyá rẹ̀. Ìdílé olórin ni ìdílé Midgley. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ onífèrè idẹ Haddenshaw sílẹ̀, ó sì máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè fọn fèrè nínú ilé òun, kó yáa máa gbé àsíá. Enid kò fọn fèrè, torí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin fọn ọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tó wà lókè ọjà kò ní béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ọdún 1934, ó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe, láti lọ máa hunṣọ. Olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò rẹ̀ pé ọmọ náà gbọ́n, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àwọn ọmọ olóògbé kò ní ohun kankan láti fi ta ko olùkọ́ yìí.

Ní ọdún 1952 ni ó fẹ́ Wilfred Oldroyd, tí gbogbo ayé ń pè ní Wilf. Ibi ìwakùsà èédú ni Wilf ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èwe rẹ̀, kí eruku tó ba àyà rẹ̀ jẹ́ tó sì di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Inú bọ́ọ̀sì yẹn náà ni wọ́n ti pàdé. Màmá a máa rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́: "Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló gbé mi dé. Èrò ọkọ̀ ń bú u, ó ń súfèé." Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: Maureen, Keith àti Janet. Nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́njú, Màmá gba iṣẹ́ sí ilé ìdáná ilé-ìwé, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ ìdajì ìlú Haddenshaw kó tó fẹ̀yìn tì.

Ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń to orin sórí àtẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí àwo rẹ̀ bá ṣe tà tó; orin tó bá wà nípò kìn-ín-ní lórí àtẹ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, baba orin ni. Orin tó bá wà lókè nínú oṣù Kẹta, ta ló rántí rẹ̀? Ti Kérésì ni wọn yóò máa fi jà nídìí tábìlì, òun ni wọn yóò máa lù nínú ṣọ́ọ̀bù títí àwọn ọmọ ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n. Wilf mọ èyí. Lọ́dọọdún ló ń kọ orin Kérésì kan, tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olórin Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń dá a padà. Ìyáàfin Hilda Crabtree, aládùúgbò wọn, kò jẹ́ kó sinmi. Bó bá ti rí i báyìí, "Wilf, ṣé Kérésì ti dé? Lọ́ńdọ̀nù ti fèsì?" Wilf á ní, "Wọ́n ń rò ó lọ́wọ́, Hilda." Hilda á ní, "Wọ́n mà lọ́pọlọ o, wọ́n ti ń rò ó láti ọjọ́ tí mo ti wà ní ọ̀dọ́!" Ẹ̀rín ni gbogbo àdúgbò ń fi í rín, ó sì ń dun Màmá dé egungun. Ohun tí Wilf fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí rédíò sọ lọ́jọ́ kan, kí òun náà fi etí ara òun gbọ́, pé orin òun ló wà lókè.

Ní ọdún 1974 ni ó kọ "Bọ́ọ̀sì Ọdún-Ku-Ọ̀la", orin awakọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn lọ sílé nínú yìnyín kí òun náà tó lè rí ilé lọ. Hilda Crabtree pàápàá gbọ́ ọ, ó ní kó tún un kọ fún òun gbọ́. Ẹgbẹ́ onífèrè Haddenshaw àti àwọn obìnrin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jọ kọ ọ́, ohùn Màmá ló ṣíwájú, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Leeds sì tẹ̀ ẹ́ sórí àwo.

Ibí yìí ni Màmá ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ọmọ Haddenshaw nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ra àwo yìí ní ìlú òkèèrè o! Ọ̀dọ̀ Cyril Pickles ni kẹ́ ẹ ti rà á. Tiwa ni tiwa." Ọ̀gbẹ́ni Pickles yìí, kẹ̀kẹ́ ló ń tà, ó sì ń ta àwo orin ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìlú gbọ́ràn. Wọ́n rà á tán pátápátá, àwọn tí kò ní ẹ̀rọ àwo gan-an rà á. Nígbà tí rédíò ka àtẹ Kérésì jáde, wọn kò gbọ́ orúkọ orin náà lókè, wọn kò gbọ́ ọ nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ni ẹni tó ń kó àwo wá fún Pickles tó là wọ́n lọ́yẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń ka ọjà rẹ̀ fún àtẹ. Wọ́n yan díẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, wọn kì í sì í sọ èyí tí wọ́n yàn fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò yan ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́? Màmá ká ọwọ́ lérí. "Èmi ni mo pa á," ló ń wí. "Ẹnu mi yìí ló pa orin Wilf."

Ìgbà ìrúwé ọdún 1975 ni dókítà pe Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún un pé àyà Wilf ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó lè rí Kérésì ọdún náà. Kí Màmá má fọkàn sí ọ̀kan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Màmá délé, ó po tíì, kò mu ún. Ó rò ó pé bí kò bá sẹ́ni tó mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kà, ó di dandan kí wọ́n ra orin náà ní gbogbo ìlú, láti ọwọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn. Ta ló lè mú gbogbo ìlú gbọ́ ọ? Àwọn ẹgbẹ́ onífèrè idẹ tó ń káàkiri òpópónà ní gbogbo oṣù Kejìlá ni. Ta sì ni alága gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè ìhà àríwá? Ellis Greenwood ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ Scarbeck. Yéè!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ibí mọ ohun tó wà láàárín Haddenshaw àti Scarbeck. Òkè kan ló pín wọn níyà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Scarbeck ti gba ife ìdíje onífèrè ọdún 1957 mọ́ wa lọ́wọ́, ará Haddenshaw kì í mu tíì níbẹ̀. Wilf fúnra rẹ̀ ló ń sọ káàkiri pé adájọ́ sùn lọ. Síbẹ̀, Màmá wọ ẹ̀wù àtàtà rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gun òkè náà kọjá, ó sì kan ilẹ̀kùn yàrá ìdánrawò wọn. Gbogbo fèrè dákẹ́.

"Ìyàwó Wilf!" ni Ọ̀gbẹ́ni Greenwood wí. "Ẹ ṣìnà ni, àbí ilé yín ló jó?"

"N ò ṣìnà, ilé ò sì jó. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbé àga fún un o! Ará Haddenshaw tó bá ń bẹ̀bẹ̀, ara rẹ̀ ò yá nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Màmá kò jókòó, kò sì bínú. Ó sọ ti àìsàn Wilf fún wọn, ó sì tẹ́ ìwé orin náà síwájú Ọ̀gbẹ́ni Greenwood. Ọkùnrin náà kà á, ó ń kùn ún wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ẹnu, ó tún un kà.

"Orin yìí dáa," ló wí. "Ó dùn mí pé ó dáa."

"Ṣé ẹ ó bá mi fọn ún?"

"Lórí ohun kan ṣoṣo. Ìyá mi wà láàyè nígbà tá a gba ife yẹn. Ó gbọ́ ohun tí ọkọ yín ń sọ kiri, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún wọra kó tó kú. Ẹ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, lójú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀tọ́ wa la gbà."

"Ìyẹn nìkan náà ni?"

"Ṣé ó kéré lójú yín ni?"

Kò kéré rárá. Ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́ ìkórè ni Màmá dìde lẹ́yìn ìkéde, láàárín ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ. "Ẹ̀yin ará," ló wí, "ní 1957, Scarbeck fọn fèrè jù wá lọ. Adájọ́ ò sùn. Àwa la fọn tiwa bí ẹni tó ń lé àgùntàn. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n gbà." Ẹlòmíì dìde, ó jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìta, Hilda Crabtree dúró dè é. "Enid, a kì í torí pé a fẹ́ jẹran, ká wá máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá."

"Hilda," ni Màmá dáhùn, "bí Wilf bá fẹ́ jẹ ẹran yẹn, màá pè é ní bàbá."

Kò tíì délé tí ìròyìn fi débẹ̀. Wilf wò ó láti orí ibùsùn, ó wò ó títí. "Enid, o tà mí."

"Mo tà ẹ́ lóòótọ́. Wọ́n á fọn ún."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, "Sọ fún Greenwood pé kí wọ́n má sáré ní ẹsẹ kejì o. Wọ́n máa ń sáré."

Iléeṣẹ́ Leeds tún àwo náà tẹ̀. Oṣù Kejìlá wọlé, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè káàkiri ìhà àríwá sì ń fọn ún níwájú ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nínú òtútù tó ń mú ètè lẹ̀ mọ́ idẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù ìlú tirẹ̀ lọ láti rà á. Ní Haddenshaw, ọ̀dọ̀ Pickles ni wọ́n ṣì ti ń rà á. Olóríkunkun ni wá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ka àtẹ nígbà yẹn. Màmá ń bu kọ́sítáàdì fún àwọn ọmọ iléèwé nígbà tó sọ sí i lọ́kàn pé òun ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Wilf dá nìkan gbọ́ ọ. Ó sá jáde tòun ti épúrọ̀nù, tòun ti ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ó bá Wilf tó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, ó ti wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ nígbà tó ń bá ẹgbẹ́ Haddenshaw fọn fèrè, Hilda Crabtree sì jókòó tì í. Olùkéde ń kà á láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Kò sí orin náà ní ogún, kò sí i ní mẹ́wàá, kò sí i ní márùn-ún.

"Kò sí níbẹ̀, Enid," ni Wilf wí. "Bíi ti èṣí náà ni."

"Dákẹ́ jàre. Wọn ò tíì tán."

Olùkéde dé ipò kejì: gbajúmọ̀ olórin Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ìwé ìròyìn ti gbé adé fún. Hilda di ọwọ́ mọ́ ẹnu. Lẹ́yìn náà ni rédíò sọ pé ipò kìn-ín-ní Kérésì ọdún 1975 ni "Bọ́ọ̀sì Ọdún-Ku-Ọ̀la", láti ọwọ́ ẹgbẹ́ onífèrè àti obìnrin akọrin Haddenshaw, èyí tí Wilfred Oldroyd kọ.

"Ó pe orúkọ mi?" ni Wilf béèrè.

"Ó pè é."

"Ó pè é já geere?"

"Já geere, Wilf."

Ó sunkún bí ọmọdé, Màmá náà sunkún. Hilda Crabtree ṣí fèrèsé, ó pariwo sí òpópónà pé, "Wilf wa ni! Wilf tiwa ni!" àfi bí ẹni pé òun ló kọ orin náà. Gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú ń fọn fèrè, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ní ilé-ìwé, kọ́sítáàdì jóná, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ Kérésì, ẹgbẹ́ Scarbeck gun òkè kọjá wá fọn orin náà lábẹ́ fèrèsé Wilf. Ó ní wọ́n sáré ní ẹsẹ kejì. Oṣù Kejì ọdún 1976 ló sùn nínú Olúwa, ayọ̀ yẹn sì ṣì wà lójú rẹ̀.

Màmá kò jókòó ti ìbànújẹ́. Ó darí àwọn obìnrin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó bẹ àwọn aláìsàn wò, ó sì bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onífèrè jà títí wọ́n fi gba àwọn ọmọbìnrin wọlé. Janet ọmọ rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fọn fèrè fún Haddenshaw. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sọ fún àlùfáà bí ìwàásù bá gùn jù.

Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, àti àwọn ọmọ ọmọ, Gareth, Alison, Philippa àti Duncan, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ ọmọ tó ń dàgbà bọ̀. Ẹgbẹ́ Haddenshaw àti ti Scarbeck ni yóò jọ sìn ín dé ibojì lónìí. Pọ́ọ̀kì páì, kéèkì elésò àti wàràkàṣì wà ní gbọ̀ngàn fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìsìn.

Nígbà tí Wilf kú, ohun tí Màmá ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀ ni: "Ipò kìn-ín-ní, Kérésì 1975." Àyè wà lábẹ́ rẹ̀ fún tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ń retí ẹsẹ Bíbélì. Ó ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: "Òun ló lọ bẹ̀ wọ́n." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́.

Ẹ sùn re, Màmá. Ẹ̀bẹ̀ yín gbà.